Alágbára Tí Kò Lè Gbé Ọmọ Rẹ̀

Ọkùnrin kan wà tí kì í tẹrí ba fún ẹnikẹ́ni, àfi dígí.

Iṣẹ́ búrẹ́dì ló ń ṣe. Òun ló ń gbé àpò ìyẹ̀fun wọlé, òun ló ń ti páànù sínú ààrò, òun náà ló sì ń fà á jáde. Apá rẹ̀ ki, àyà rẹ̀ yọ, ọrùn rẹ̀ le. Alágbára ni gbogbo ènìyàn ń pè é, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn létí ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Má ṣì mí gbọ́ o, ìwọ tó ń ka ìwé yìí. N kò wá bú ẹni tó ń sáré láàárọ̀. Ara tí Ọlọ́run fún wa, ó yẹ ká tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀fọ́ àti èso, tó ń rìn, tó ń làágùn, ó ń ṣe dáadáa. Ìlera ni oògùn ọrọ̀, àwọn àgbà kò parọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó dára lè lọ jókòó sórí ìtẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ nílé Alágbára nìyẹn.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ìdárayá lásán ni. Dókítà ló sọ fún un pé ọ̀rá ti ń pọ̀ lára rẹ̀, kó máa rìn, kó sì dín ṣúgà kù. Ó rìn, ó dín in kù, ara rẹ̀ sì yá. Nígbà tó ṣe, rírìn di sísáré, sísáré di irin gbígbé ní jíìmù. Ó ra òṣùwọ̀n kékeré sórí tábìlì ìjẹun, ó sì ń wọn ẹran adìyẹ bí ẹni ń wọn wúrà. Funfun ẹyin nìkan ló ń jẹ. Pupa inú rẹ̀, ó ní ti àwọn ọ̀lẹ ni. Bí ìyàwó rẹ̀ bá se ọbẹ̀, á ní epo ti pọ̀ jù. Bí ẹbí bá pè é síbi ìgbéyàwó, á ní òun ń lọ gbé irin. Lọ́jọ́ Ìsinmi tí ìyàwó àti ọmọ ń lọ sílé Ọlọ́run, iwájú dígí jíìmù ni tirẹ̀, á yí apá sọ́tùn-ún, á yí i sósì, á máa wo ara rẹ̀ bí ẹni tó rí olùfẹ́.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀, ẹnu obìnrin náà sì mú bí abẹ́rẹ́ tó ń lò.

"Bàbá ọmọ mi," ó ní lọ́jọ́ kan tí oúnjẹ tún kù sílẹ̀, "ẹ rọra o. Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ."

Ọkọ rẹ̀ fi í rẹ́rìn-ín. "Ìgbà tó o bá lè gun àtẹ̀gùn láìmí hẹlẹ, ìgbà yẹn ni kó o wá bá mi sọ̀rọ̀."

Obìnrin náà padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun.

Nílé búrẹ́dì tí Alágbára ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ní àṣà kan. Búrẹ́dì tó bá kọ́kọ́ jáde nínú ààrò láàárọ̀, wọn kì í tà á. Wọ́n á bù ú gbígbóná, gbogbo òṣìṣẹ́ á sì jẹ níbẹ̀, látorí ọ̀gá dórí ẹni tó ń gbálẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí kò bá jẹ nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kò lè mọ ohun tó ń tà fún ọmọ ẹlòmíràn. Alágbára nìkan ni kì í jẹ. Yóò ká apá lé àyà, yóò máa wò wọ́n tẹ̀gàn-tẹ̀gàn.

"Ẹ máa kó o sínú," á wí. "Ikùn yín náà á máa jẹ́rìí yín."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ẹni tó ń wa ọkọ̀ búrẹ́dì. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pe ìyẹn, torí kò sanra ju igi ìgbálẹ̀ lọ. Tẹ́ẹ́rẹ́ ń gbá bọ́ọ̀lù ní Sátidé, ó ń jẹ oúnjẹ tó ṣara lóore, ó ń rẹ́rìn-ín nílé, ó sì mọ Jésù. Láràárọ̀ ló máa ń gba ìpín Alágbára nínú búrẹ́dì àkọ́yọ, á fi bébà wé e, á fi í síwájú ọkọ̀. Bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò bá bèèrè títí ìrọ̀lẹ́, á fún ẹlòmíràn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n ń to búrẹ́dì sínú ọkọ̀, Tẹ́ẹ́rẹ́ dúró.

"Ọ̀rẹ́ mi, jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè kan. Ara tó ò ń sìn yìí, ṣé ó ti kú fún ọ rí?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn?"

"Jésù kú fún mi. Mò ń tọ́jú ara mi torí pé Òun ló ni ín. Ìwọ ńkọ́? Ara rẹ ló ni ọ́. Òun ló ń sọ ohun tó o máa jẹ, ibi tó o máa lọ, ẹni tó o máa bá jókòó."

Alágbára gbé apá sókè, ó fún un pọ̀, iṣan rẹ̀ sì yọ gànnàkù. "Fọwọ́ kàn án. Olùgbàlà tèmi nìyí. Òun ló gbà mí lọ́wọ́ àìsàn, òun náà ló máa gbé mi dé ibi tí mò ń lọ. Sọ fún Jésù rẹ pé kó wá ẹni tí kò lágbára lọ."

Tẹ́ẹ́rẹ́ kò bínú. "Irú wọn náà ló ń wá," ó ní, ó sì ti ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Alágbára ní ọmọ kan ṣoṣo, ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ. Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n ń pè é nílé, torí kò sí ohun tí kì í pa á lẹ́rìn-ín. Ọmọ náà fẹ́ràn bàbá rẹ̀ bí ojú. Bí bàbá bá kúrò lórí ìwọ̀n tó fi ń wọn ara rẹ̀, òun náà á gorí rẹ̀. Bí bàbá bá ti àwo sẹ́yìn, òun náà á ti tirẹ̀. Ìyá rò pé ó ń jẹun nílé ìwé, tíṣà rò pé ó ń jẹun nílé.

Bàbá ló rí i. Ó rí i pé ọmọ ń fi oúnjẹ sílẹ̀, kí ló sì ṣe? Ó pàtẹ́wọ́!

"Ọmọ mi gan-an nìyí," ó ní. "Kò ní dà bí àwọn kan."

Ìyàwó rẹ̀ mọ ẹni tí í ṣe "àwọn kan." Ẹlẹ́rìn-ín náà gbọ́, ó sì pinnu pé òun kò ní jẹun mọ́ bó bá ti ṣeé ṣe. Mo bínú nígbà tí mo gbọ́ ìtàn yìí, mo sì ṣì ń bínú. Òrìṣà kì í mọ sọ́dọ̀ ẹni tó gbé e wálé nìkan, ọmọ ni yóò bèèrè gbẹ̀yìn.

Ìdíje ńlá kan ń bọ̀ fún àwọn tó ń gbé irin, Alágbára sì ti búra pé òun ni yóò gba ife. Àwọn tó ń ṣe irú ìdíje yìí ní ọgbọ́n kan tí wọ́n ń dá. Bó bá ku díẹ̀, wọn á ṣíwọ́ omi mímu, kí awọ ara lè lẹ̀ mọ́ ẹran, kí iṣan lè yọ. Ìwà wèrè ni, àní fún ẹni tó jókòó sábẹ́ òjìji. Ojú ààrò búrẹ́dì ni Alágbára ti ṣe é. Iná ń jó o, òógùn ń dà, kò sì fi omi kan ètè. Tẹ́ẹ́rẹ́ bu omi wá fún un.

"Ẹni tó bá tún gbé omi wá síwájú mi, ọ̀tá mi ni," ó ní.

Nígbà tó di ọjọ́ tó ṣáájú ìdíje, ó wo dígí ilé ìwẹ̀ níbi iṣẹ́, ó sì rí ara tí kò rí irú rẹ̀ rí. Gbogbo iṣan rẹ̀ ló dìde dúró. "Ta ló dà bí èmi?" ó wí sókè. Fóònù rẹ̀ ló dún.

Tíṣà Ẹlẹ́rìn-ín ni. Ọmọ náà ti ṣubú nínú kíláàsì, kò sì lè dìde.

Tẹ́ẹ́rẹ́ fi ọkọ̀ búrẹ́dì gbé e, wọ́n sáré débẹ̀. Orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni kíláàsì wà. Wọ́n ti tẹ́ ẹní fún ọmọ náà, tíṣà ń fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀. Bí wọ́n ṣe rí bàbá rẹ̀, gbogbo wọn yà fún un. "Ẹ ṣípò, bàbá rẹ̀ ti dé. Ṣé ẹ rí apá yẹn? Ẹ jẹ́ kó gbé e."

Alágbára bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ti apá méjèèjì bọ abẹ́ ọmọ rẹ̀, ó gbé e. Iṣan itan rẹ̀ ká, ẹ̀yìn rẹ̀ fà, apá tó ń gbé àpò ìyẹ̀fun lójoojúmọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ewé. Ọmọ náà yọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ padà sórí ẹní. Ó tún gbìyànjú. Orúnkún rẹ̀ yẹ̀, ó sì wó lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ.

Ẹlẹ́rìn-ín la ojú. Ó wo bàbá rẹ̀ tó ń gbọ̀n, omijé sì yọ lójú rẹ̀.

"Bàbá mi," ó ní, "ṣé mo ti wúwo jù ni? Ẹ má bínú. N kò tíì jẹ nǹkan kan láti àná."

Tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ó gbé ọmọ náà lé àyà, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Alágbára ń di ògiri mú tẹ̀ lé wọn.

Nílé ìwòsàn, wọ́n fa omi sí ọmọ lára. Dókítà wo bàbá, ó ní kí òun náà dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì kejì, wọ́n sì fa omi sí i. Lẹ́yìn náà ni dókítà bi ọmọ ohun tó dé tí kì í fi í jẹun.

"Bàbá mi ní àwọn ọ̀lẹ ló ń jẹun," ó ní. "Mo fẹ́ kí bàbá mi máa wo èmi náà bí wọ́n ṣe ń wo dígí."

Ìyàwó rẹ̀ wọlé pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀, ó gba ọbẹ̀ olómi lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó fi ṣíbí bù ú. Ẹlẹ́rìn-ín pa ẹnu dé.

"Bàbá mi ni kí wọ́n kọ́kọ́ jẹun," ó ní. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí, kò yí ọ̀rọ̀ padà. Ọmọ ẹni tí kì í gbọ́ràn kúkú ni.

Fóònù Alágbára tún dún. Ọ̀gá jíìmù ni. "Mo gbọ́ pé wọ́n ń fa omi sí ọ lára! Ọ̀la ni ìdíje o. Yọ abẹ́rẹ́ yẹn kíákíá, omi á ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́!"

Ṣé o mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ lọ sídìí abẹ́rẹ́ náà? Ọmọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ níwájú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì lọ síbẹ̀. Ó rí ọwọ́ ara rẹ̀, ẹ̀rù sì bà á. Ìgbà yẹn ló mọ̀ pé òun kì í ṣe ọ̀gá ara òun, ẹrú rẹ̀ ni òun. Ó ju fóònù sílẹ̀, ó sì bú sẹ́kún.

"Tẹ́ẹ́rẹ́," ó ní, "Jésù rẹ yẹn, ṣé ó ṣì ń wá ẹni tí kò lágbára?"

"Nítorí wọn ló ṣe wá," ni Tẹ́ẹ́rẹ́ dáhùn. "Sọ òtítọ́ fún un."

Alágbára tẹrí ba, kò sì sí dígí níbẹ̀. "Olúwa Jésù," ó ní, "ara mi ni mo sìn. Mo fi ìyàwó mi ṣẹ̀sín nítorí rẹ̀, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọmọ mi rúbọ fún un. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. Ẹ̀jẹ̀ rẹ ni kó wẹ̀ mí. Láti òní, ìwọ ni Olúwa, ara yìí kì í ṣe Olúwa mọ́."

Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ìyá ọmọ mi, mo ṣẹ̀ ọ́. Dárí jì mí." Obìnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ọ̀gá jíìmù tún pè. Lọ́tẹ̀ yìí, Alágbára dá a lóhùn. "Ẹ fi ife yín fún ẹlòmíràn. N kò ní wá lọ́la, n kò sì ní sin òrìṣà yẹn mọ́ láé. Ẹ bú mi bó ṣe wù yín."

Tẹ́ẹ́rẹ́ ti jáde lọ sídìí ọkọ̀. Ó mú bébà kan wá, ó tú u. Ìpín Alágbára nínú búrẹ́dì àkọ́yọ òní ni. Dókítà ní kò burú. Alágbára bù ú, ó jẹ ẹ́. Ẹlẹ́rìn-ín ń wo ọ̀fun rẹ̀ títí ó fi gbé e mì.

"Ó dùn, àbí?" ni ọmọ náà bi í.

"Ó dùn, ọmọ mi. Mo ti jẹ̀bi púpọ̀."

Ọmọ náà la ẹnu.

Alágbára ṣì ń lọ sí jíìmù lónìí, bí àyè bá wà. Ó ń jẹ ẹyin tòun ti pupa inú rẹ̀. Òun àti Ẹlẹ́rìn-ín jọ ń sáré ní Sátidé, ọmọ náà á sì máa fi í rẹ́rìn-ín bó bá kẹ́yìn. Bọ́tìnnì ni ìyàwó rẹ̀ ń kó sórí òṣùwọ̀n ọjọ́sí. Àwọn tí wọ́n jọ ń gbé irin ń pè é ní ọ̀lẹ. "Ẹ pè mí bẹ́ẹ̀," á wí fún wọn lójú ara wọn. "Ẹnìkan ló ń gbé mi báyìí, kò sì sẹ́ni tó lè gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀."

Ìwọ ńkọ́? Bóyá irin kọ́ ni ìwọ ń gbé. Bóyá owó ni, tàbí ẹwà, tàbí orúkọ rere tó o ṣe fúnra rẹ. Ohunkóhun tó o bá ń sọ fún pé "ìwọ ni yóò gbé mi," ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wàá bẹ̀rẹ̀ láti gbé ohun tó ṣọ̀wọ́n jù fún ọ, apá rẹ yóò sì kọ̀. Jésù Kristi gbé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ lọ sórí igi, apá tirẹ̀ kò kọ̀.

Má sọ fún mi pé ó di ọ̀la. Ọ̀la ni Alágbára náà gbójú lé, ọmọ rẹ̀ sì ṣubú lónìí. Má sọ pé ara rẹ le, mo ti sọ ti ẹni tí ara rẹ̀ le fún ọ. Agídí tó o fi ń kọ Olúwa, gbé e kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, kó o gbé e kojú ẹ̀ṣẹ̀ tó ń jẹ ọ́ run. Níbi tó o wà yìí, nísinsìnyí, kúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ kẹ̀yìn sí dígí.