Dírẹ́bà Inú Kọ̀ǹpútà

"Ṣemílóore, jọ̀ọ́, wá bá wa jí ohùn kọ̀ǹpútà!"

Kabir ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ láti ojú fèrèsé yàrá sáyẹ́ǹsì. Ṣemílóore gbọ́, ṣùgbọ́n kò yára. Ó fara balẹ̀ jẹ ẹ̀pà ọwọ́ rẹ̀ tán, ó gbọn èèpo rẹ̀ kúrò lára yúnífọ́ọ̀mù, ó wá ń rìn bọ̀ bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Bó ti wọlé, ó ní kí Kabir àti Zùwáírátù, ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà bíi tirẹ̀, kọjú sí ògiri. Ó tẹ ọ̀rọ̀ kan wéréwéré, kọ̀ǹpútà sì lahùn:

"A, ajá. B, bàtà. D, dòdò."

"Dókítà Kọ̀ǹpútà!" ni Kabir kí i. Inú Ṣemílóore dùn dé ẹ̀yìn.

Lọ́dún 1998 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà nílé-ìwé girama wọn ní Bódìjà. Ọ̀gbẹ́ni Májẹ́kódùnmí, olùkọ́ físíìsì, ló gbà á lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Òun náà ló fi Linux sínú rẹ̀, ìyẹn ètò tó ń darí gbogbo iṣẹ́ kọ̀ǹpútà.

"Àwọn tó kọ Linux kò fi ọgbọ́n inú rẹ̀ pamọ́," ló sọ fún ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà. "Ẹni tó bá wù ú lè ṣí i wò, kó tún un ṣe, kó sì fún ẹlòmíràn lọ́fẹ̀ẹ́."

Ìṣòro kan ló wà níbẹ̀: ohùn kọ̀ǹpútà náà kì í jáde fúnra rẹ̀. Olùkọ́ ṣàlàyé pé gbogbo ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà ló ní dírẹ́bà tirẹ̀, ètò kékeré kan tó ń mú un ṣiṣẹ́, bí takisí ò ṣe lè kúrò ní gáréèjì láìsí ẹni tí yóò wà á. Dírẹ́bà ohùn yìí kì í wọlé nígbà tí kọ̀ǹpútà bá jí, àfi kí ènìyàn tẹ àṣẹ láti pè é.

"Ṣùgbọ́n bí a bá kọ àṣẹ náà sínú fáìlì tí kọ̀ǹpútà máa ń kà bó bá ti jí tán," ni olùkọ́ wí, "fúnra rẹ̀ ni yóò máa pe dírẹ́bà. Ṣemílóore, ìwọ ni olórí ẹgbẹ́, mo sì ti fi hàn ọ́. Tètè bá mi ṣe é."

Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ṣemílóore jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó nawọ́, ó tún fà á padà. Nílé wọn, láàárín àwọn ẹ̀gbọ́n tí ẹnu wọn mú ṣáṣá, kò sẹ́ni tó máa ń bi òun léèrè ohunkóhun. Níbí, bí òun kò bá tíì dé, kọ̀ǹpútà ò ní fọhùn. Bí dírẹ́bà bá wá ń wọlé fúnra rẹ̀, ta ni yóò tún máa pe òun ní Dókítà? Ó dìde, ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nígbàkígbà tí olùkọ́ bá sì bi í, ìdáhùn kan náà ni: "Ó ti parí, sà."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń lé e bá.

Ọjọ́ ìpàdé òbí àti olùkọ́ pé. Ọjọ́ náà ni àwọn òbí fẹ́ pinnu bóyá wọn yóò kọ́ yàrá kọ̀ǹpútà. Ẹgbẹ́ ti ṣe ètò kan tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá. Ohùn Zùwáírátù ni wọ́n gbà sínú rẹ̀. Ọmọ náà kò fẹnu kan omi tútù ní gbogbo àsìkò yẹn, kí ohùn rẹ̀ má baà há. Ṣemílóore jí kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé wá sínú gbọ̀ngàn ìpàdé, ó pe dírẹ́bà, ó wá sáré lọ sí ẹnu géètì láti dúró de ìyá rẹ̀ tó ń bọ̀ láti àdúgbò Challenge. Ó fẹ́ kí ìyá òun fojú ara rẹ̀ rí bí wọn yóò ṣe máa yin òun.

Ibẹ̀ ló wà tí NẸ́PÀ fi mú iná lọ. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, kọ̀ǹpútà sì tún jí. Alága àwọn òbí, Alàgbà Ògúntúndé tó ń ta pákó ní Bódìjà, ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ kíá, òun ń lọ síbòmíràn. Kabir tẹ bọ́tìnì. Àwòrán ajá yọ, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà dákẹ́ lọ gbári. Ó tún un tẹ̀.

"Kí ló dé?" ni alága bi í.

"Dírẹ́bà rẹ̀ ni kò tíì dé, sà."

"Dírẹ́bà? Ọ̀nà wo ló gbà? Àbí gosíló Mọ́kọ́lá ló mú un ni?"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Zùwáírátù rò ó títí, ó fò sẹ́yìn kọ̀ǹpútà, ó lóṣòó, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ kígbe: "A, ajá! B, bàtà!"

Alága na ọrùn wò ó. "Kọ̀ǹpútà yín mà ń wọ ìborí o!"

Ẹ̀rín tún sọ. Zùwáírátù dìde pẹ̀lú omijé lójú. Àsìkò náà gan-an ni Ṣemílóore àti ìyá rẹ̀ wọlé. Ó sáré lọ síwájú, ó tẹ àṣẹ rẹ̀, kọ̀ǹpútà fọhùn. Àwọn òbí pàtẹ́wọ́, ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ náà korò létí rẹ̀, nítorí pé Kabir ò pàtẹ́wọ́, Zùwáírátù ò sì wojú rẹ̀.

"Ṣemílóore," ni Ọ̀gbẹ́ni Májẹ́kódùnmí wí, "ṣebí o ní o ti kọ ọ́ sínú fáìlì?"

Irọ́ mìíràn ti wà lẹ́nu rẹ̀: iná tó lọ ló bà á jẹ́. Ó rí Zùwáírátù tó ń fi etí ìborí nu ojú, ó sì gbé irọ́ náà mì.

"Mi ò kọ ọ́, sà. Mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo kàn fẹ́ kó jẹ́ èmi nìkan ni wọn yóò máa pè ni. Ẹ má bínú. Zùwáírátù, Kabir, ẹ dárí jì mí."

Ìyá rẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu.

Alága mí kanlẹ̀. "O ṣeun tí o sọ òtítọ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n àwa tí à ń ta pákó mọ̀ pé igi kan kì í dá igbó ṣe. Ṣé ká wá kọ́ yàrá fún kọ̀ǹpútà tó jẹ́ pé bí ibà bá mú ìwọ, òun náà á yadi?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀ sí i," ni Ṣemílóore bẹ̀ ẹ́.

Ó fa àga fún Kabir. "Ìwọ ni kí o tẹ̀ ẹ́." Ó ní kó ṣí fáìlì ìbẹ̀rẹ̀, kó lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, kó kọ "modprobe", ìyẹn àṣẹ tó ń pe dírẹ́bà, kó sì fi orúkọ dírẹ́bà ohùn tẹ̀ lé e. Ó ń pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sókè kí gbogbo ẹgbẹ́ lè gbọ́.

"Ó tán?" ni Kabir bi í.

"Ó tán."

"Nítorí ọ̀rọ̀ tí kò ju ìlà kan lọ yìí lo ṣe ń ní ká kọjú sí ògiri?"

Ẹ̀rín pa Zùwáírátù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Wọ́n pa kọ̀ǹpútà, alága sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tàn án padà. Àwọn lẹ́tà funfun ń yí lójú rẹ̀ títí wọ́n fi dúró. Ṣemílóore di ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Kabir ṣí ètò náà, ó tẹ bọ́tìnì.

"A, ajá. B, bàtà. D, dòdò."

"Dírẹ́bà ti dé!" ni alága kígbe, ariwo ayọ̀ sì gba gbọ̀ngàn kan. Kó tó lọ, àwọn òbí fohùn ṣọ̀kan pé wọn yóò kọ́ yàrá kọ̀ǹpútà, òun náà sì ṣèlérí pákó tí wọn yóò fi kan tábìlì rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹni tó bá gbin nǹkan ló ń ká a. Lọ́jọ́ Ajé, olùkọ́ gba ipò olórí lọ́wọ́ Ṣemílóore, ó fi Kabir sí i. Ó tún pẹ́ díẹ̀ kí Zùwáírátù tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣàwàdà padà. Ṣemílóore ò ráhùn. Ohun tó bá mọ̀, ó ń fi kọ́ àwọn yòókù. Kò pẹ́ tí ọmọ kékeré kan tó ń jẹ́ Islamiat fi ṣàwárí bí wọ́n ṣe lè mú kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n so mọ́ kọ̀ǹpútà máa rí dírẹ́bà tirẹ̀. Ṣemílóore gan-an ò mọ ìyẹn, ó fa àga sún mọ́ ọn, ó ní, "Jọ̀ọ́, kọ́ mi."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìmọ̀ kì í dín kù nítorí pé a pín in. Ẹni tó fi ọgbọ́n pamọ́ kí wọ́n lè máa wá a, ó kàn ń dá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dúró ni, ó sì ń dá ara rẹ̀ náà dúró. Ẹni tó bá kọ́ ẹlòmíràn yóò rí ẹni tí yóò kọ́ òun náà.