Ẹ̀jẹ̀ Àwọn Ọmọ Haníyà

Àárọ̀ ni onígbàjámọ̀ dábẹ́ fún Gamíl, ọmọ Haníyà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọmọ ti kú. Wọ́n fi kọfí lílọ̀ àti eérú dí ojú ọgbẹ́ títí, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Wọn ò tíì sin ín tán tí gbogbo abúlé ti mọ ẹni tó pa á: Fikríyà, àbúrò ìyá Haníyà, tí àwọn ọmọkùnrin tirẹ̀ náà kú lójú abẹ. Àbí òun kọ́ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ tó ń pariwo pé kí wọ́n má fi abẹ kan ọmọ náà? Wọ́n ní àjẹ́ ni, pé òwìwí bà lé òrùlé rẹ̀. Wọ́n fi òkúta lé e kúrò létí odò Náílì, Haníyà ìyá ọmọ náà sì wà lára àwọn tó lé e.

Nígbà tó yá, eyín Nuh, àbúrò Gamíl, bọ́. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lẹ́nu rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Haníyà yọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà nígboro, ó sì mú òótọ́ bọ̀ wálé: àìsàn kan ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà dì. Àṣé òótọ́ ò wúlò nínú ilé yẹn!

"Ẹ̀jẹ̀ wo ni kì í dì?" Àlájà Zannúba, ìyá ọkọ rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. "Ti ewúrẹ́ ń dì, ti ọmọ ọmọ mi ò wá ní dì?"

"Ìyá, inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé ìyá mi ló ti wá. Èmi ni mo gbé e fún wọn. Àǹtí Fikríyà ò pa ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀ọ́, tí wọ́n bá dábẹ́ fún Nuh nílé, ó máa kú."

"Ó ti fún ìwọ náà jẹ!"

Haníyà kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Lémọ́mù náà ní kò pọn dandan tó bá la ẹ̀mí lọ."

"Ṣé lémọ́mù ló ń bá mi gbélé?" Abdel-Rádì ò tiẹ̀ gbójú kúrò nínú tíì rẹ̀. "Mo ti pe àwọn ẹbí. Má dójú tì mí."

Kí lèèyàn tún fẹ́ sọ? Ó sọ ọ́ títí ohùn rẹ̀ fi há.

Lọ́jọ́ ìdábẹ́, wọ́n ti gbé Nuh lé ẹsẹ̀ àbúrò bàbá rẹ̀, onígbàjámọ̀ ń pọ́n abẹ, àwọn obìnrin ń kígbe ayọ̀. Ọ̀rọ̀ náà wá sú Haníyà pátápátá. Ó já ìborí rẹ̀ sílẹ̀, ó tú irun rẹ̀ ká, ó sì bọ́ sáàárín wọn.

"Àjẹ́ wà nílé yìí lóòótọ́. Èmi ni! Èmi ni mo mu ẹ̀jẹ̀ Gamíl. Onígbàjámọ̀, ó yá, fi abẹ yẹn kan Nuh, kí n mọ èyí tí màá kọ́kọ́ mú nínú àwọn ọmọ tìẹ."

Abẹ bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ó sá, kò mú àpò. Àlejò ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àlájà ń ké pé òun ti mọ̀, òun ti mọ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ti ń ké e. Abdel-Rádì gan-an ò lè sún mọ́ ìyàwó rẹ̀.

Haníyà gbé ọmọ rẹ̀ rọra, ó jáde.

"Màmá, ṣé àjẹ́ ni yín lóòótọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ mi. Màá máa jẹ́ ẹ títí wàá fi dàgbà."