Ẹni Tó Dá Wá Tọrọ Àrìnkẹ́

Ọjọ́ tí Akínbọ̀dé kọ́kọ́ fojú kan Àrìnkẹ́, kọ̀ǹpútà kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì ń wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rẹ̀ rù.

Èkó ni ọmọkùnrin yìí ti dé, ẹni tó ń fi èdè Òyìnbó kí ewúrẹ́. Ọ̀gá ilé-ìwé kan ní Ùsì ló pè é pé kó wá fi ètò ìdánwò tuntun sórí kọ̀ǹpútà wọn. Línọ́ọ̀sì àtijọ́, ètò tó ń darí ẹ̀rọ, ló wà lórí wọn, ètò tuntun náà kò sì bá a mu. Akínbọ̀dé kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì: ó gbé ẹ̀dà ètò náà tí wọ́n ti sè sílẹ̀ fún Línọ́ọ̀sì tuntun, ó fi agídí tì í wọlé. Ẹ̀rọ dákú, kò jí mọ́.

"Ẹ kú uṣẹ́ o, Ẹnjiníà." Àrìnkẹ́, olùkọ́ kọ̀ǹpútà, ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé ẹ ti sin ín tán, àbí ká pe àlùfáà?"

"Ẹ̀rọ yìí ti gbó, Àǹtí. Ẹ kó wọn dà nù."

"Bàbá mi náà ti gbó. Ṣé kí n dà á nù ni?"

Àrìnkẹ́ jókòó ti ẹ̀rọ kejì. Kóòdù ètò náà gan-an, àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi ṣe é, ló gbà wálẹ̀, kó lè tún un kọ́ láti ìpìlẹ̀ lórí Línọ́ọ̀sì àtijọ́ náà. Iṣẹ́ dúró lójijì: ètò náà ní òun nílò ètò kékeré kan. Ó wá kóòdù ìyẹn lọ. Ìyẹn náà tún ń béèrè òmíràn. Báyìí ló ń sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi kan èyí tí kò béèrè ohunkóhun. Ó kọ́ ìyẹn, ó wá ń gòkè padà díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀sán mẹ́ta ló gbà á. Lọ́jọ́ kìíní, Akínbọ̀dé jókòó tì í láti wá àṣìṣe. Lọ́jọ́ kejì, ó ra àgbàdo sísun wá.

Lọ́jọ́ kẹta, Àrìnkẹ́ bi í pé, "Kí lo ń wò lójú mi? Ojú kọ̀ǹpútà ni uṣẹ́ wà."

"Tèmi ti kúrò níbẹ̀, olólùfẹ́."

"Ta ni olólùfẹ́ rẹ?" Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Kí aago mẹ́rin tó lù, ètò tuntun ṣí lórí ẹ̀rọ àtijọ́, ìfẹ́ sì ti wọ àwọn méjèèjì lára.

Nígbà tó pé oṣù mẹ́fà, Akínbọ̀dé fọ ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó fi dígí dúdú bojú, ó lọ tọrọ Àrìnkẹ́ lọ́wọ́ Tíṣà Festus, bàbá rẹ̀.

"Ta ló bá ọ wá?" ni Tíṣà wí.

"Èmi nìkan ni, sà. Mo ti di ọkùnrin."

"Mo rí i. Ta ló bá ọkùnrin wá?"

Akínbọ̀dé bojú wẹ̀yìn. Bàbá rẹ̀ ti kú. Dàda, àbúrò bàbá rẹ̀, ló fi owó kòkó rán an níléèwé. Ayébòdé ni Dàda wà, kò jìnnà, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Akínbọ̀dé ti Èkó dé, kò tíì yà síbẹ̀. Ilé alámọ̀ ń tì í lójú.

"Lọ mú Dàda wá," ni Tíṣà wí. "Láìsí Dàda, má padà wá. N kò ní fa ọmọ mi fún ẹni tó já bọ́ láti ojú ọ̀run."

Àrìnkẹ́ sìn ín dé ìdí ọkọ̀. "Ọkọ mi, o tún fẹ́ fi agídí ti nǹkan wọlé."

"Bí Dàda bá lé mi ńkọ́?"

"Tún padà lọ. Mò ń dúró dè ọ́."

Akínbọ̀dé lọ sí Ayébòdé, ó bá Dàda níbi tó ti ń sá kòkó. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun.

"Ta nìyí?" ni Dàda bi í. "Mi ò mọ ẹni tó ń wọ dígí dúdú."

Ó bọ́ dígí. "Èmi ni, Bàbá. Mo ṣẹ̀ yín."

Dàda na igi sí i pé kó máa fi yí kòkó náà. Akínbọ̀dé ń yí i, ó ń ro ọ̀rọ̀ ìyàwó tó fẹ́ fẹ́ fún un, títí oòrùn fi dé àtàrí.

"Ọmọ ta ni?" ni Dàda bi í.

"Ọmọ Tíṣà Festus, ní Ùsì."

"Háà! Ọkùnrin yẹn lẹ́nu jù. Ó dáa, àá lọ gbọ́ ọ."

Lọ́jọ́ Sátidé, nílé Tíṣà, àwọn àgbà méjèèjì sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n sọ̀rọ̀ kòkó, wọ́n sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n tó kan ti ọmọ. Akínbọ̀dé wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àrìnkẹ́ gbé omi wá. Dàda ló kọ́kọ́ fún, lẹ́yìn náà bàbá rẹ̀, ó wá kan Akínbọ̀dé. Ìka rẹ̀ kò yára kúrò lára ife.

Wọ́n mú ọjọ́ ìgbéyàwó sí Sátidé kejì nínú oṣù Kejìlá. Kò sẹ́ni tó bi ọkọ ìyàwó bóyá ọjọ́ náà rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn.