Ìbéèrè Mẹ́rin Lẹ́nu Ọ̀nà Wọ́ọ̀dù

Bàtà ọkùnrin náà ni Nọ́ọ̀sì Ìbílọlá kọ́kọ́ rí. Oṣù kìíní ọdún 1979 ni, ọyẹ́ mú ní Jos débi pé ètè gbogbo èèyàn là, eruku sì bo gbogbo nǹkan. Ṣùgbọ́n bàtà tiẹ̀ ń dán, kò sí eruku kankan lára rẹ̀.

"Dúrótoyè lorúkọ mi," ló wí jẹ́jẹ́. "Mo wá mú ìyàwó mi lọ."

Ìyàwó tó ń wí ni Ìyá Olúgbóyèga, tí òtútù àyà dá dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Dókítà ti fọwọ́ sí i láàárọ̀ pé kó máa lọ sílé. Ìyá ti di ẹrù, ó ń rẹ́rìn-ín sí ọkùnrin náà bí ìyàwó ọ̀ṣìngín.

Àmọ́ ní wọ́ọ̀dù Ìbílọlá, ìwé dókítà nìkan kò tó. Ó ti jẹ́ kí aláìsàn kan lọ rí láìbéèrè ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀; ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n gbé e padà, kò sì dìde mọ́. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìbílọlá ní ilé náà là ń wò ká tó dá aláìsàn sílẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní ọlọ́pàá, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn.

"Ẹ jókòó, bàbá. Ṣé yàrá tí wọn yóò sùn móoru?"

"Ó tutù."

"Ta ni yóò máa se oúnjẹ fún wọn?"

"A kì í jẹun níbẹ̀."

"Omi ńkọ́?"

"Mi ò tíì rí omi níbẹ̀."

Ìbílọlá gbójú sókè. Òtútù kan ń jáde lára ọkùnrin náà, ìka tí Ìbílọlá fi di bírò mú sì ti ń kú. "Ta ni yóò mú wọn padà wá lọ́jọ́bọ̀ kí dókítà tún yẹ̀ wọ́n wò?"

"Ẹnikẹ́ni kì í ti ibẹ̀ padà wá."

Ẹ̀rù ba Ìbílọlá, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n ó pa ìwé ńlá tí àwọn tó ń mú aláìsàn lọ ń fọwọ́ sí dé.

"Haba, Sístà," ni Theresa, nọ́ọ̀sì kékeré, sọ lábẹ́lẹ̀. "Dókítà ti fọwọ́ sí i."

"Dókítà fọwọ́ sí i. Èmi ni mò ń ṣílẹ̀kùn." Ó kọjú sí ọkùnrin náà. "Bàbá, ẹ lọ tún ibẹ̀ ṣe ná."

Ọkùnrin náà wò ó, ó tẹrí ba. "Òótọ́ lẹ sọ, ọmọ mi. Mi ò tíì ṣètò." Ó jáde. Ìyá yíjú sí ògiri, ó ń sunkún. Ìbílọlá kọ orúkọ Dúrótoyè sínú ìwé, ó fi àyè ìfọwọ́sí sílẹ̀ lófo.

Ní aago mẹ́rin, Olúgbóyèga, ọmọ ìyá, dé láti Kuru níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, eruku bò ó dé ìpéǹpéjú. Gbogbo ìbéèrè ló dáhùn. Nígbà tí Ìbílọlá sọ pé bàbá rẹ̀ ti wá, bírò tó fẹ́ fi fọwọ́ síwèé bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà.

"Sístà, ihò ìwakùsà ló wó lu bàbá mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé. A ò rí òkú wọn gbé jáde."

Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni Ìyá tún lò nílé ní àdúgbò Anglo Jos. Ìbílọlá kì í ṣe onífáárí, ṣùgbọ́n ó máa ń fi ọdún mẹ́sàn-án yẹn yangàn, ó sì tọ́ sí i. Abẹ́rẹ́ ló wo Ìyá sàn. Ìbéèrè mẹ́rin ló dá a padà lẹ́nu ọ̀nà.

Ní 1988, Olúgbóyèga wá sí wọ́ọ̀dù. Ó ní Ìyá ti sùn lọ láàárọ̀ àná, wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Wọ́n ní kí n jíṣẹ́ kan fún yín kí wọ́n tó lọ. Wọ́n ní bàbá ti dé. Ó ti dáná sí yàrá, ó ti gbẹ́ kànga, oúnjẹ sì ti jinná."

Orí Ìbílọlá wú, omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìkẹrin ńkọ́?" ló béèrè jẹ́jẹ́. "Ta ni yóò mú wọn padà wá?"

"Wọ́n ní bàbá ò rí ìyẹn dáhùn. Wọ́n ní kí ẹ má bínú, àwọn ti fọwọ́ sí i fúnra àwọn."

Nígbà tó lọ tán, Ìbílọlá wá ìwé 1979 jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Níwájú orúkọ Dúrótoyè, ìtẹ̀ka arúgbó kan wà lójú àyè tó fi sílẹ̀ lófo. Yíǹkì rẹ̀ kò tíì gbẹ.

Ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i títí ó fi gbẹ, gẹ́gẹ́ bó ti ń ṣe sí ìwé gbogbo aláìsàn rẹ̀, ó sì kọ ọjọ́ sí i.