Iyọ̀ Tí Aránṣọ Fi Sí Ọ̀rọ̀ Eléso

Ẹ̀jẹ̀ ni aránṣọ náà kọ́kọ́ rò pé òun rí. Ó gbójú sókè lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó wo òdìkejì títì, ó sì rí ọkùnrin gíga kan nídìí àtẹ èso tí kò sí níbẹ̀ lánàá, tí nǹkan pupa ń ṣàn láti àtàǹpàkò rẹ̀ dé ìgúnpá. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó fa àgékù aṣọ funfun kan yọ lábẹ́ tábìlì, ó sáré gba àárín ọkọ̀ kọjá, ó sì ti di ọwọ́ àjèjì mú kó tó rántí pé òun ò tíì kí i.

"Ẹ dúró jẹ́ẹ́. Ibo lọ̀bẹ ti bà yín?"

Ọkùnrin náà wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo ojú ẹni tó dì í mú, kò sì yára dáhùn. Ẹni tí oyin bá ta sí létè kì í kánjú nù ún.

"Ọ̀bẹ ò bà mí," ó ní níkẹyìn. "Omi èso pómégíránétì ni. Ṣùgbọ́n tó bá wù yín láti di ọwọ́ náà, ẹ máa dì í lọ, mi ò ní dá yín dúró."

Ojú ti aránṣọ débi pé ì bá wù ú kí ilẹ̀ là kó wọlẹ̀. Ó fẹ́ yí padà, ọkùnrin náà ní kó dúró wo nǹkan. Ó gé orí èso kan bí ẹni ṣí ìdérí, ó fi ẹnu ọ̀bẹ la èèpo rẹ̀ yí ká, ó sì fọ́ ọ sínú abọ́ omi. Awọ funfun léfòó, hóró pupa rì sísàlẹ̀, wọ́n ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀. Ó bu díẹ̀ sí i lọ́wọ́. Ó kọ́kọ́ kan, lẹ́yìn náà ó dùn, aránṣọ sì gbàgbé pé òun fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ohùn tó lè jí òkúta ni eléso ní. Láàárọ̀, bó bá ti to àtẹ tán, yóò gbé e sókè: "Pupa tó ń bá ẹ̀jẹ̀ ṣọ̀rẹ́ rèé. Ẹni tí àyà rẹ̀ ń já, kó yà. Ẹni tí inú rẹ̀ ò tú, kó yà. Ẹni tí ara rẹ̀ ń fẹ́ okun, kó má wulẹ̀ kọjá mi."

"Ṣé ó ń wo irọ́ pípa náà?" aránṣọ á béèrè látẹnu ọ̀nà ìsọ̀ rẹ̀.

"Ìyẹn nìkan ló kù, Àǹtí Aránṣọ. Mo ṣì ń dán an wò lára mi."

Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o" láàárín wọn, tí "Àǹtí Aránṣọ" sì di "Abẹ́rẹ́ mi." Bí aránṣọ bá ti wá jókòó tì í lórí àpótí èso, ọkùnrin náà kì í polówó mọ́, jẹ́jẹ́ ló máa ń sọ̀rọ̀. "Èso yìí dára fún ọkàn lóòótọ́," ó sọ fún un lọ́jọ́ kan. "Ó ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ kó ṣàn dáadáa, ó sì lè bá ni fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ díẹ̀. Mú u lọ fún màmá ẹ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má torí ẹ̀ fi oògùn dókítà sílẹ̀ o. Oúnjẹ ni mò ń tà."

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń bá ìyá aránṣọ jà, kò sì sí ohun tó kórìíra bíi hóró oògùn tí wọ́n ní kó máa lò láràárọ̀. Bàbá ti kú. Ọmọkùnrin àgbà tí ìyá bí, tó ń ṣiṣẹ́ iná mànàmáná, ló ń ra oògùn náà.

Ọmọbìnrin kì í dédé wọlé kó sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọkàn òun ti fò sọdá títì. Nítorí náà, èso ni aránṣọ ń yìn. Ó fẹ́ kí ìyá fẹ́ràn ọkùnrin náà kó tó fojú kàn án, ó sì ń bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí eléso bá ní ó ń ran ọkàn lọ́wọ́, kí ọ̀rọ̀ náà tó délé, ó ti di pé ó ń wo ọkàn sàn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá fi ṣíbí kó hóró pupa sẹ́nu, ó ní, "Ẹni tó ń jẹ èyí, ṣé ó tún yẹ kó máa gbé oògùn mì?"

"Eléso ní kò yẹ mọ́, Màmá."

Ìyá rẹ́rìn-ín. Ó ní olóye ni ọkùnrin náà.

Bí ìyá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ju oògùn sídìí òdòdó lẹ́yìn fèrèsé nìyẹn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bá a nílẹ̀ ilé ìdáná, tí ahọ́n rẹ̀ wúwo lẹ́nu. Ní ọsibítù ló ti jẹ́wọ́ fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin pé òun ti pa oògùn tì, pé eléso ló ní kò yẹ mọ́. Láti ibẹ̀ ni oníṣẹ́ iná ti gba ìdí àtẹ lọ, èèyàn sì pé lé wọn lórí.

"Ìwọ lo ní kí ìyá mi má lo oògùn mọ́?"

Eléso lanu láti sọ pé irọ́ ni. Ojú rẹ̀ bá lọ sára aránṣọ, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ rẹ̀, tó fi téèpù ìwọnṣọ ọrùn rẹ̀ bo ẹnu. Ó kà á lójú bí ẹni kàwé. Ó pa ẹnu dé, ó tún un ṣí.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ mi ti pọ̀ jù."

"Ọ̀rọ̀ ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ wá di ọmọ òrukàn. Mi ò gbọdọ̀ rí ẹsẹ̀ ẹ nítòsí ilé wa, tàbí nítòsí àbúrò mi."

Láti ọjọ́ náà, eléso kò polówó mọ́. Ẹni tó bá ti gbé létí odò mọ̀ bó ṣe ń rí nígbà tí omi bá gbẹ: ìdákẹ́jẹ́ gan-an ló ń jí ni. Aránṣọ á tẹ ẹ̀rọ, á dá a dúró, á dẹtí, kò ní gbọ́ nǹkan kan ju ariwo ọkọ̀. Eléso ti yí àpótí ìjókòó rẹ̀, ògiri ló ń kọjú sí. Àwọn oníbàárà tí ohùn ń fà ń kọjá lọ. Ìfẹ́ tó wà lókèèrè ń dunni. Èyí tó wà lódìkejì títì, téèyàn ń rí i tó ń jẹun, tó ń nu òógùn, tó ń palẹ̀ àtẹ mọ́, oró tiẹ̀ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni aránṣọ sọdá.

"Ara màmá ńkọ́?" ọkùnrin náà béèrè, kò gbójú sókè.

"Ó ń le. Wọ́n ti délé."

"Ìyẹn dáa. Padà sídìí iṣẹ́ ẹ, Abẹ́rẹ́ mi. Wọ́n ń wò wá."

Orúkọ yẹn ló gbé sọdá padà, tó ń yí i sọ́tùn-ún sósì lọ́kàn bí ẹni tí wọ́n fún ní omi tí wọ́n ní kó má mu ún.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló rí oníbúrẹ́dì tó ń wọn ààyè àtẹ náà. Oníbàárà kan ló là á yé e: eléso ń kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ tó ní oko èso lọ́nà jíjìn, kò sì ní padà. Aránṣọ fi síkáfù tó ń rán sílẹ̀, ó gbalé lọ. Ìyá jókòó létí fèrèsé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń tún fáànù ṣe nílẹ̀.

"Irọ́ ni mo pa," ó ní. "Eléso ò sọ ọ́. Ó ní kẹ́ ẹ má fi oògùn sílẹ̀, èmi ni mo yí i. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fẹ́ràn ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé irin ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "O wà níbẹ̀ nígbà tí mò ń bú u."

"Mo wà níbẹ̀."

"O sì dákẹ́."

"Mo dákẹ́."

Ìyá wò ó tìtì. "O ṣe mí níbi," ó ní. "Mi ò ní sọ pé o ò ṣe mí níbi. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tó máa gbà mí lọ́wọ́ oògùn yẹn. Ká ní o sọ pé ológbò ló wí bẹ́ẹ̀, ǹ bá gbà."

Oníṣẹ́ iná dìde, ó wá bàtà rẹ̀. "Gbangba ni mo ti bú ọmọ ọlọ́mọ," ó ní. "Gbangba náà ni n ó ti bẹ̀ ẹ́."

Ó sì bẹ̀ ẹ́, níṣojú oníbúrẹ́dì àti gbogbo ẹni tó ń kọjá. Eléso gbà, ṣùgbọ́n aránṣọ, tó tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá, ló ń wò.

"Bí nǹkan bá ṣe màmá lọ́jọ́ yẹn, tí gbogbo ayé sì mọ̀ pé ìwọ lo yí ọ̀rọ̀ náà, ẹrù yẹn ì bá ju èjìká ẹ lọ," ó ní. "Mo rò pé tèmi á gbé e."

"Ṣé ó gbé e?"

"Ó gbé e. Àárò ẹ ni kò lè gbé."

Oníbúrẹ́dì ká okùn ìwọnlẹ̀ rẹ̀, ó ní òun á wá ibòmíì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, eléso jókòó níwájú ìyá fún ìgbà àkọ́kọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì sáàárín orúnkún.

"Wọ́n ní o mọ̀rọ̀ọ́ sọ," ìyá ní. "Polówó ara ẹ fún mi."

"Èso ni mò ń tà, mà. Mi ò ya ọ̀lẹ. Mo fẹ́ràn ọmọ yín, mo sì fẹ́ fi í ṣaya. Ibi tí ọ̀rọ̀ mi mọ nìyẹn."

Ìyá kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ ńkọ́? Sọ tìẹ. Iyọ̀ kankan ò gbọdọ̀ wà níbẹ̀."

Gbogbo ohun tí aránṣọ ti kó jọ láti ìgbà ìdákẹ́jẹ́ náà dìde sí i lọ́fun: bí ọkùnrin náà ṣe dára tó, bí kò ṣe sí irú rẹ̀ mọ́ láyé, bí òun ṣe lè kú tí kò bá sí i. Ó gbé gbogbo rẹ̀ mì.

"Mo fẹ́ ẹ, Màmá."

Ìyá dúró díẹ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ṣì kù. Kò kù.

"Èyí," ìyá ní, "èyí ni mo gbà gbọ́."