Ọdún Tí Wọ́n Ti Bodè Pa

Ní ọjọ́ tí Nàìjíríà ti bodè Sẹ̀mẹ̀ pa, nínú oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìròyìn náà dé ọjà Misẹ̀bó ní Kútọnu kí òjò àárọ̀ tó dá. Àwọn oníṣòwò tó ti ilẹ̀ Yorùbá lọ́hùn-ún wá jókòó sórí ìdì aṣọ òkìríkà, fóònù létí, ẹnu wọn gbẹ. Bàbá kan tó wọ agbádá lẹ́ẹ̀sì ń gbọ̀n bí ẹni tí òjò pa. Wọ́n ní ìrẹsì kò gbọdọ̀ kọjá mọ́. Wọ́n ní ọkọ̀ tó bá wà lójú ọ̀nà kí ó dúró síbi tó wà.

Àwọn tó ń kọ ìtàn ìlú yóò kọ orúkọ àwọn tó pàṣẹ yẹn. Wọn kò ní kọ orúkọ Ṣàrífátù.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ilé bàbá rẹ̀ wà ní Akpakpa, lódìkejì afárá, ṣùgbọ́n nígbà ìsinmi gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní fákáǹsì, ọ̀dọ̀ Tántì Ràṣídátù, àbúrò bàbá rẹ̀, ló máa ń wà ní Misẹ̀bó, tó ń ṣa aṣọ. Nínú fákáǹsì yẹn ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ọwọ́ òun gbọ́n. Á dijú, á fọwọ́ kan ẹ̀wù, á sì sọ bóyá sílíìkì ni tàbí ayédèrú.

Ní Misẹ̀bó, ní dídì ni wọ́n ń ra ìdì aṣọ. Kò sẹ́ni tó ń yọjú wo inú rẹ̀. Tí wọ́n bá ti fi ẹ̀mú já irin tó dì í, bó jẹ́ àkísà ló kún inú rẹ̀, ẹni tó rà á ló ni ín. Benjamin, ọmọkùnrin Pobè kan, ló ń já irin náà fún Tántì. Lọ́jọ́ kan ó fa ẹ̀wù òtútù pupa kan yọ, ó gbé e kọ́ Ṣàrífátù léjìká nínú oòrùn ọ̀sán.

"Wọ̀ ọ́, kí yìnyín má baà pa ọ́ ní Kútọnu."

"Ìwọ ni yìnyín máa pa, olórí kunkun!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Tántì fi pariwo pé, "Ẹ̀yin méjèèjì, ṣé ẹ̀rín ni mo ní kí ẹ wá bá mi tà?" Láti ọjọ́ yẹn, bí Benjamin bá pẹ́ dé, Ṣàrífátù kì í lè ka aṣọ tó ń ṣà mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ti bodè pa ni bàbá rẹ̀, Búrẹ́mọ̀, dé sí ṣọ́ọ̀bù, fìlà lọ́wọ́, orí rẹ̀ tutù fún òjò. Ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ kan ṣoṣo ti há sí Sẹ̀mẹ̀ pẹ̀lú ìrẹsì. Gbogbo ohun tó ní láyé ló wà nínú rẹ̀.

"Àlàájì Múrítàlá pè mí láti Èkó," ó ní. "Ó mọ àwọn ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù. Ó ní ọkọ̀ àna òun kò lè jẹrà lójú ọ̀nà."

"Àna rẹ̀ wo, Bàbá?"

Búrẹ́mọ̀ wolẹ̀. "Èmi náà ni."

Ìgbà yẹn ló yé Ṣàrífátù pé òun ni ìyàwó náà. Ó ti rí Múrítàlá rí. Ọkùnrin náà ti wò ó láti orí dé ẹsẹ̀ ní pálọ̀ wọn, ó sì bi bàbá rẹ̀ pé, "Ṣé ó máa ń gbọ́ràn?" bí ẹni ń béèrè nípa ewúrẹ́. Òfin ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún kì í ṣe ẹni à ń fún lọ́kọ. Ṣùgbọ́n òfin ń gbé inú ìwé. Ìdílé wọn ń gbé Akpakpa.

"Jẹ́ kí n gbé ọ sá lọ sí Pobè, sọ́dọ̀ ìyá mi," Benjamin sọ fún un lẹ́yìn ìdì aṣọ.

"Kí o gbé mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Kíákíá."

"Benjamin, ṣé ìdì aṣọ ni mí, tí ìwọ náà fẹ́ gbé láti ṣọ́ọ̀bù kan sí òmíràn?"

Ojú Benjamin rẹ̀wẹ̀sì. "Kí lo wá fẹ́ ṣe?"

"Mi ò mọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ó ń ba èmi náà."

Wọ́n fi yìgì sí ọjọ́ Jímọ̀, nílé Búrẹ́mọ̀. Nítorí ọkọ ìyàwó kò lè gba bodè kọjá, fóònù ni wọ́n gbé sórí tábìlì láàárín àwọn àgbà, kí ó máa gbọ́. Nínú yàrá, Tántì Ràṣídátù ń fi ìbòrí funfun bo Ṣàrífátù lórí.

"Wọn yóò bi ọ́ bóyá o gbà. Má dáhùn. Ìdákẹ́ wúńdíá, 'mo gbà' ni. Bí èmi náà ṣe dákẹ́ nìyẹn."

"Tántì, ṣé ẹ gbà lóòótọ́ lọ́jọ́ náà?"

Tántì ń wá pín-ìn-nì ìbòrí tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Wọ́n mú un jáde síwájú àwọn àgbà. Alfa Tàjúdéènì tó fẹ́ so yìgì, àgbàlagbà oníwàpẹ̀lẹ́, bi í bóyá ó gbà. Ṣàrífátù dákẹ́. Ohùn ni kò jáde. Ẹ̀rù ti dí i lọ́fun. Ó rí i tí bàbá rẹ̀ mí kanlẹ̀. Ó rí i tí àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rù tó dí i lọ́fun gan-an ni wọ́n ń kà sí ìfẹ́.

Fóònù húkọ́. "Ó ti dákẹ́, Alfa. Ẹ máa bá a lọ jàre."

Alfa gbọ́wọ́ sókè fún àdúà.

"Mi ò gbà."

"Kí ló wí?" fóònù béèrè.

Ṣàrífátù ká ìbòrí kúrò lójú. "Mo ní mi ò gbà."

Alfa sọ ọwọ́ kalẹ̀. "Búrẹ́mọ̀, mi ò lè so yìgì yìí. Ìdákẹ́ la máa ń túmọ̀. Èyí tó sọ yìí kò fẹ́ ògbufọ̀."

Búrẹ́mọ̀ dìde. Kò pariwo, ìyẹn ló tún burú jù. "Jáde nílé mi. Ọjọ́ tí ọkọ̀ mi bá kọjá Sẹ̀mẹ̀ ni kí o tó tún tẹ ilé yìí."

Tántì Ràṣídátù ló gbé báàgì rẹ̀. Wọ́n gba orí afárá padà, ibẹ̀ ni Tántì ti sọ jẹ́jẹ́ pé, "Mi ò gbà. Lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. Mi ò gbà."

Ìrẹsì jẹrà. Ọkọ̀ jókòó sínú òjò, táyà rẹ̀ rì. Benjamin padà sí Pobè lọ kọ́ iṣẹ́ mẹ́káníìkì. Ẹ̀wù òtútù pupa náà ṣì wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, Ṣàrífátù kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rà á. Bí ọkọ̀ bá dúró lójijì níwájú ṣọ́ọ̀bù, á rò pé wọ́n ti wá mú òun.

Nígbà tí ọdún tó tẹ̀lé e ń parí lọ, wọ́n ṣí bodè. Misẹ̀bó hó. Ẹnìkan wá sọ fún Tántì pé òun rí ọkọ̀ Búrẹ́mọ̀ ní Sẹ̀mẹ̀, ó ṣófo, ó ń mì, ṣùgbọ́n ó kọjá.

Ṣàrífátù lọ sí Akpakpa. Ó kan ilẹ̀kùn.

"Asàlámù àléékúmù."

"Ta nìyẹn?"

"Ṣàrífátù ni, Bàbá. Wọ́n ní ọkọ̀ yín ti kọjá. Ṣé kí n wọlé?"

Ó ń gbọ́ tẹ̀sùbáà tó ń dún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Tẹ̀sùbáà náà dákẹ́. Bàbá rẹ̀ náà dákẹ́.

Ó dúró títí. Inú ilé yìí ni wọ́n ti kọ́ ọ ní ohun tí ìdákẹ́ túmọ̀ sí. Ó di ilẹ̀kùn mú, ó sì ṣí i.