Ẹlẹ́ṣin Tí Ọ̀dà Rẹ̀ Kò Gbẹ

Ọjọ́ kẹta rèé tí Rídúwánù ti kun aṣọ ìborùn ère ẹlẹ́ṣin kékeré náà, ọ̀dà rẹ̀ kò gbẹ. Ẹṣin gbẹ, gàárì gbẹ, ṣòkòtò náà gbẹ. Pupa tó bo èjìká ọkùnrin kékeré náà nìkan ló ṣì rin gbindin, bí ẹni pé ìsinsìnyí ni wọ́n gbé búrọ́ọ̀ṣì kúrò lára rẹ̀. Oṣù Kẹta ni, ooru Lomé mú débi pé ọ̀dà tí èèyàn bá gbàgbé láti bò ti dì kó tó bojú wẹ̀yìn. Síbẹ̀, bí Rídúwánù bá fi ọmọ ìka kan pupa yìí, á lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, á sì tutù bí omi inú àmù.

Iṣẹ́ ọ̀dà ni Rídúwánù ń ṣe ní àdúgbò Hanoukopé. Èjìgbò ni bàbá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Lomé ni wọ́n bí òun sí. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù ló kọ́kọ́ ń kọ sára ògiri, kó tó di pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í kun àwọn ọmọ ogun kéékèèké tí wọ́n fi òjé rọ, àwọn tí kò ga ju ìka àárín lọ. Àwọn tó ń kó wọn jọ ń ti ọ̀nà jíjìn wá bá a, nítorí ó lè kun bọ́tìnnì tí kò tó ojú abẹ́rẹ́, kò sì ní í fi ọ̀dà kan ère láìkọ́kọ́ wádìí irú aṣọ tí ẹgbẹ́ ogun náà wọ̀ nígbà ayé wọn. "Èmi kì í méfò àwọ̀," bó ṣe máa ń wí nìyẹn, á sì gbé àyà sókè.

Tántì Geneviève, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ló gbé ẹlẹ́ṣin yìí wá. Bàbá ìyá rẹ̀ gun ẹṣin fún àwọn Faransé nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ní ìhà Kamẹrúùnù. Ìyá rẹ̀, Mama Afí, ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ojú rẹ̀ sì ti fọ́. Ẹbí fẹ́ gbé ère náà kalẹ̀ lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, kí àwọn ọmọ-ọmọ lè rí akọni tó bí wọn.

Ó fi àpò ìwé kan lé Rídúwánù lọ́wọ́. Àjákù aṣọ onírun kan tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ló wà nínú rẹ̀.

"Ara ìborùn bàbá àgbà nìyí," ó ní. "Àwọ̀ tí ẹ bá rí lára rẹ̀ ni kí ẹ lò. Ẹ jọ̀ọ́, mẹ́tìrì, ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́, ẹ tọ́jú rẹ̀ o. Mama kì í sùn láìdì í mú. Mo yọ ọ́ lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ ni. Lọ́la ni mo máa wá gbà á."

Àwọ̀ ewé tó ń gbẹ lọ ni àjákù náà. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Rídúwánù yẹ gbogbo ìwé àti àwòrán tó ní wò, kò rí ẹlẹ́ṣin Faransé kankan tó da irú aṣọ bẹ́ẹ̀ bora. Pupa ni gbogbo wọn wọ̀. Ì bá pe obìnrin náà kó bi í léèrè. Kò pè é. Ó ní ìdọ̀tí ọgọ́rùn-ún ọdún ló bo pupa mọ́lẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bó ṣe ń tẹjú mọ́ èjìká ère náà, ó na ọwọ́ òsì sí àkísà tó fi ń nu búrọ́ọ̀ṣì, ó nù ún lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tó wolẹ̀, àjákù Mama Afí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, pupa ti wọ̀ ọ́ jinlẹ̀.

Ó sáré rì í sínú dilúyàǹ tó fi ń fọ ọ̀dà. Aṣọ tí kòkòrò ti jẹ inú rẹ̀ já sí fọ́nrán lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó kó fọ́nrán náà sínú agolo mílíìkì, ó tì í sábẹ́ tábìlì. Ó gba ọjà Gbossimé lọ, ó ra búláńkẹ́ẹ̀tì pupa kan nínú aṣọ àlòkù, ó gé igun rẹ̀, ó rẹ ẹ́ sínú tíì, ó sá a sóòrùn kó lè gbó. Nígbà tí Tántì Geneviève dé, Rídúwánù wò ó lójú kòrókòró.

"Ìdọ̀tí ló bò ó, Tántì. Mo fọ̀ ọ́ ni. Ẹ wo pupa rẹ̀!"

Obìnrin náà fi aṣọ náà kan àyà, omi lé sí i lójú. Ó ṣàdúrà fún Rídúwánù àti fún ìyàwó rẹ̀ Nàfísátù. Rídúwánù ń ṣe àmín. Ó sì ń fi ẹsẹ̀ ti agolo náà jìnnà sí i lábẹ́ tábìlì.

Lọ́jọ́ kẹta tí ọ̀dà kò gbẹ yìí, lẹ́yìn ìrun alásárì, òórùn ẹṣin wọ inú ṣọ́ọ̀bù: òógùn, awọ àti koríko tútù. Ó gbójú sókè. Ọkùnrin gíga kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ṣòkòtò ológun ló wọ̀, kò sí aṣọ lọ́rùn rẹ̀, oòrùn sì ń pa á lẹ́yìn. Ó ń gbọ̀n. Eyín rẹ̀ ń lu ara wọn, Rídúwánù ń gbọ́ ọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ọkùnrin náà wí pẹ̀lẹ́. "Wọ́n ní aṣọ mi ń bẹ lọ́dọ̀ yín."

"Aṣọ wo?"

"Òtútù ń mú mi."

Ó wo ère orí tábìlì, ó mirí, ó yí padà. Rídúwánù dìde tẹ̀ lé e. Ojú ọ̀nà kún fún ọlọ́kadà, kò sí ẹni tó ṣí èjìká sílẹ̀ láàárín wọn. Nínú yanrìn iwájú ṣọ́ọ̀bù, ojú pátákò ẹṣin mẹ́rin jìn wọlẹ̀ síbì kan náà. Kò sí èyí tó dé ibẹ̀, kò sí èyí tó kúrò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Tántì Geneviève dé, ojú rẹ̀ wú.

"Mama ju aṣọ náà nù. Ó ní kì í ṣe aṣọ òun nìyẹn. Mo bínú, mẹ́tìrì. Mo sọ fún un pé arúgbó ti ń ṣe é, pé ẹni tó mọ iṣẹ́ ló fọ̀ ọ́. Mo jágbe mọ́ ìyá mi." Ó bú sẹ́kún. "Láti àná, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́."

Ìtìjú bo Rídúwánù láti orí dé ẹsẹ̀. Irọ́ rẹ̀ ni obìnrin yìí fi na ìyá rẹ̀ lẹ́gba ọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa agolo náà jáde. "Tántì, ẹ mú mi lọ sọ́dọ̀ Mama."

Kò lè wo ojú rẹ̀ títí wọ́n fi dé ilé wọn ní àdúgbò Bè.

Mama Afí jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó ń retí ẹrù. Rídúwánù dọ̀bálẹ̀. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ ní èdè Mina, kò fi ọ̀kan pamọ́. Tántì Geneviève fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá arúgbó náà ki ìka bọ agolo, ó fọwọ́ ra fọ́nrán náà.

"O ti rí i," ó ní. "Ojú rẹ̀ lo rí tí o fi wá jẹ́wọ́. Báwo ló ṣe rí?"

"Ó ga, Mama. Kò wọ aṣọ. Ó ń gbọ̀n."

"Mama, ṣé bàbá àgbà ni?" Geneviève bèèrè.

"Bàbá mi kúrú." Ó mí kanlẹ̀. "Pupa ni bàbá mi wọ̀ bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìwé mẹ́tìrì kò purọ́. Aṣọ tí ẹ ń pè ní aṣọ akọni yẹn, ti ẹlòmíràn ni. Ẹlẹ́ṣin kan láti ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni. Wọ́n jọ ń bá Jámánì jà ni. Ìbọn bá a. Ọyẹ́ mú lórí òkè láàárọ̀ ọjọ́ náà, bàbá mi sì ti sọ aṣọ tirẹ̀ nù. Ọkùnrin náà ṣì ń mí nígbà tí bàbá mi bọ́ aṣọ náà lára rẹ̀. Ó di etí aṣọ náà mú. Bàbá mi ká ìka rẹ̀ kúrò níkọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tó máa kú ló sọ ọ́ fún mi."

Geneviève ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ẹ rò pé ìfẹ́ ni mo fi ń dì í mú sùn. Ọjọ́ tí mo bá fi í sílẹ̀, ọwọ́ tútù kan ni yóò máa wá a lára mi títí ilẹ̀ fi mọ́." Ó yí ojú tó fọ́ náà sí Rídúwánù. "Èdè wo ló bá ọ sọ?"

Ìgbà yẹn ló tó yé Rídúwánù. "Yorùbá, Mama. Yorùbá tiwa."

"Ọgọ́ta ọdún ló ti ń bá mi sọ̀rọ̀. Mo ń fi Mina bẹ̀ ẹ́, ó ń fi tirẹ̀ dá mi lóhùn. Èpè ni mo rò pé ó ń ṣẹ́." Ó gbé imú sókè. Òórùn koríko tútù ti gba yàrá kan. "Ó ti dé. Gbọ́ ọ fún mi, ọmọ mi."

Ọkùnrin náà wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò bèèrè aṣọ. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́, ní ohùn jẹ́jẹ́, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn.

"Kí ló wí?"

"Ó ní Àkàndé lorúkọ òun, ọmọ Ìgbẹ́tì. Ó ní nígbà tí wọn kò rí òkú òun, àwọn tí wọ́n jọ lọ padà délé sọ pé òun sá lójú ogun. Ìtìjú yẹn ni ìyá òun gbé wọ sàréè. Ó ní kí ẹnì kan jọ̀ọ́, kó lọ sọ fún wọn nílé pé òun kò sá."

Mama Afí bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìsí ohùn.

Ọkùnrin náà yí ojú sí Rídúwánù. "Ṣé ìwọ lo máa lọ?"

Rídúwánù la ẹnu. Ó rántí gbogbo irọ́ tó ti pa nínú ọ̀sẹ̀ náà, kò sì mọ bí òkú yóò ṣe gba bẹ́ẹ̀ ni rẹ̀ gbọ́. Ó sorí kodò. Ọkùnrin náà kò lọ. Ó dúró síbẹ̀, ó ń gbọ̀n, ó ń retí èsì.